Lẹ́tà sí Àwọn Gómìnà Ilẹ̀ Yorùbá: Ẹ Kọ́lé fún Orin Wa, Ẹ Fi Olùkọ́ Sínú Rẹ̀

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì, ẹ̀yin ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Mo fi gómìnà Kwara kún un, nítorí Ọ̀fà ni wọ́n bí I.K. Dairo sí, Ìlọrin sì ni Ọ̀dọ́láyé Àrẹ̀mú ti kọ dadakúàdà títí tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ orin Yorùbá tó fi Kwara sílẹ̀ kò tíì sọ ọ́ tán.

Louis ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ní Libreville, olú-ìlú Gabon. Orúkọ ọba Mpongwe kan ni àdúgbò yìí ń jẹ́, Louis Dowé, ẹni tó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Faransé ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1842. Lónìí, ibi fàájì ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí. Ilé oúnjẹ àti ilé ọtí ló kún ibẹ̀, orin kì í sì í dákẹ́ bọ̀rọ̀ lálẹ́. Oliver N'Goma, ọmọ Mayumba, kú ní 2010, síbẹ̀ orin rẹ̀ tó ń jẹ́ "Bane" ṣì ń gbé àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò tíì bí nígbà tó kọ ọ́ dìde lórí àga. Bí mo bá ń gbọ́ ọ, inú mi máa ń dùn fún àwọn tó ni ín. Ilé wa lọ́hùn-ún ni ọkàn mi sì máa ń lọ.

Àwa ọmọ Yorùbá tó wà níbí, àwa tá a wá láti Nàìjíríà àti àwọn ará wa tó wá láti Benin, a kì í jẹ́ kí ìsọmọlórúkọ kọjá láìsí ariwo. Àmọ́ fóònù ni ìlù wa ń ti inú rẹ̀ jáde. Gángan kan wà tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri níbi tí a ti ń ṣèpàdé. Awọ rẹ̀ ti le koránkorán, ọṣán rẹ̀ ti tú lápá kan, kọ̀ǹgọ́ rẹ̀ sì ti sọnù. Àwọn ọmọ wa máa ń fọwọ́ kàn án, wọ́n á bi wá pé báwo ni igi àti awọ ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwa àgbà á wojú ara wa, nítorí kò sí ẹnì kan nínú wa tó lè lù ú.

Ohun tó wá mú mi gbé bíírò ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ mi kan ní Mushin bá mi sọ. Bàbá rẹ̀ kú, ẹni tó ti ń ra àwo orin láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń ná ṣílè. Nígbà tí wọ́n ń pín ogún, wọ́n du ilẹ̀, wọ́n du mọ́tò, kò sí ẹni tó du àpótí àwo. Oníṣòwò kan wá kó gbogbo rẹ̀ lówó tí kò ju owó àpò ìrẹsì kan lọ, ó ní ìlú òyìnbó ni àwọn oníbàárà òun wà. Mo mọ àwọn àwo yẹn. Bàbá náà máa ń fi bíírò kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọjọ́ tó rà á sí igun páálí rẹ̀ lókè. Bó bá fẹ́ gbé ọ̀kan sórí ẹ̀rọ, etí rẹ̀ nìkan ni á fi ìka mú, á wá fi aṣọ funfun nù ún yíká yíká títí eruku á fi tán. Àpàlà Haruna Ìṣọ̀lá wà níbẹ̀, sákárà Yusuf Ọlátúnjí wà níbẹ̀, Àyìnlá Ọmọwúrà wà níbẹ̀, àwọn àwo Tunde Nightingale wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti kọjá òkun.

Mi ò bá oníṣòwò náà jà, mi ò sì bá àwọn òyìnbó tó ń rà á jà. Ní 2001, ilé-iṣẹ́ Strut ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó orin wa àtijọ́ jọ, wọ́n pè é ní Nigeria 70. Ní 2008, Soundway ṣe Nigeria Special. Wọ́n fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ náà, wọ́n wádìí ẹni tó lu ìlù àti ẹni tó ta gìtá, wọ́n kọ ìtàn wọn sínú ìwé tó bá àwo náà rìn. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa la bí ọmọ, àwa náà la ń lọ ra fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́ àlejò.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká wo bí ohun tí a ń sọ yìí ti tó. Ní 1922, Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fẹlá, wọkọ̀ ojú omi lọ sí London, ó kọ orin ẹ̀mí tó lé ní 40 lédè Yorùbá sórí àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá lórí ohùn yẹn. Domingo Justus tẹ̀ lé e ní 1928 pẹ̀lú gìtá rẹ̀. Láàárín ọdún 1930 sí 1940 ni Túndé King, ọmọ Olówógbowó l'Ékòó, kọ jùjú sórí àwo. Ìrèwọlédè Denge náà kọ tirẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni Àyìndé Bákàrè dé, I.K. Dairo dé, tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Thomas Ekundayo Phillips jókòó ti dùùrù ńlá ní Cathedral Church of Christ ní Marina láti 1914 títí di 1962. Abẹ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti kọ́ṣẹ́, kó tó di ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ olórin London ń lu orin rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ gbọ́ gbogbo èyí lẹ́sẹẹsẹ lábẹ́ òrùlé kan, tó fẹ́ rí irin-iṣẹ́ tí wọ́n lò, tó sì fẹ́ kí ẹnì kan kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń lò ó, ibo ni kó lọ nínú ìpínlẹ̀ méjèèje yín?

Ẹ ó dá mi lóhùn pé Kalakuta wà. Òótọ́ ni, a sì dúpẹ́. Ní oṣù kẹwàá 2012, ilé tí Fẹlá, ọmọ-ọmọ Ransome-Kuti, gbé kẹ́yìn ní òpópónà Gbemisola, n'Íkẹjà, di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ìjọba Èkó sì fi owó sí i. Bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀, aṣọ rẹ̀ wà níbẹ̀, yàrá rẹ̀ wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Ilé ẹnì kan ṣoṣo ni, ó sì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa.

Ẹ ó ní Oníkàn wà l'Ékòó. Oníkàn gan-an ló ń yà mí lẹ́nu. National Museum tí wọ́n ṣí ní 1957 wà níbẹ̀. John Randle Centre tí ìjọba Èkó kọ́ fún ìtàn àti àṣà Yorùbá wà níbẹ̀, iṣẹ́ tó wuyì ni, mo sì yìn yín fún un. MUSON náà wà níbẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ dùùrù, fayolíìnì àti orin kíkọ, tí àwọn kan sì ti ibẹ̀ gba dípúlómà. Ẹsẹ̀ ni èèyàn lè fi rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Síbẹ̀, ìlù inú gíláàsì kì í kọjá títì wá sí ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń kọ́ orin, ọmọ tó ń kọ́ orin kì í sì í kọjá títì lọ kọ́ ìlù. Ìtàn wà lápá kan, ẹ̀kọ́ wà lápá kejì. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ pa méjèèjì pọ̀.

Kì í ṣe àlá. Àwọn ará Memphis ní Amẹ́ríkà ti ṣe é. Ilé-iṣẹ́ àwo kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Stax, òun ló gbé Otis Redding jáde. Ó wọ gbèsè, ó kógbá sílé ní 1975, wọ́n sì wó ilé náà palẹ̀ ní 1989. Ilẹ̀ òfìfo ló kù. Àwọn ará ìlú ò gbà. Ní 2003, wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orin sórí ilẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n sì ní ilé-ẹ̀kọ́ orin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ọmọ tó rí gìtá olórin àtijọ́ nínú gíláàsì lọ́sàn-án, á gbé gìtá tirẹ̀ dání nírọ̀lẹ́, olùkọ́ á sì wà níwájú rẹ̀.

Níbí ní Gabon pẹ̀lú, àwọn kan ti lo ọgbọ́n. Herbert Pepper, ará Faransé tó ṣe ohùn orin orílẹ̀-èdè Senegal, gba ohùn Zwè Nguéma sílẹ̀ ní 1960, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó ń ta mvet, ohun èlò olókùn kan, láàárín àwọn Fang, tó sì ń fi í sọ ìtàn akọni. Ní 1972, ìtàn náà di ìwé, Fang lápá kan, Faransé lápá kejì. Àgbà ọ̀rọ̀ kan kò bá ẹni tó ni ín wọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ngombi, háàpù olókùn mẹ́jọ tí wọ́n ń ta nínú ẹ̀sìn Bwiti, tí wọ́n sábà máa ń gbẹ́ orí obìnrin sí lókè. Inú ẹ̀sìn yẹn ni ọwọ́ àgbà ti ń fi í lé ọwọ́ ọ̀dọ́. Ohun èlò tó ń rí ọwọ́ tuntun kì í kú.

Tàbí kí la tún ń wá lọ sókèèrè? Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ ní Òṣogbo di Mbárí Mbáyọ̀, Ulli Beier sì bá a ṣe é. Ibi ìwòran ni, ibi ìpàtẹ ọnà ni, ibi ẹ̀kọ́ ni. Ibẹ̀ ni Ọba Kò So ti bẹ̀rẹ̀, tó sì dé Berlin ní 1964. Ibẹ̀ ni Twins Seven-Seven yà sí bí oníjó tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, tó fi di ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀, tó tún jẹ́ olórin. Ilé kékeré kan ládùúgbò ni, owó epo rọ̀bì kọ́ ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, ẹ̀dùn ọkàn mi tó tóbi jù ni Ìjẹ̀bú-Igbó. Haruna Ìṣọ̀lá tó kọ àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1948 kò fẹ́ kí àjèjì máa jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ títí ayé. Ní 1969, òun àti I.K. Dairo dá Star Records sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ àwo tó jẹ́ ti olórin fúnra wọn. Àwo Oroki Social Club tó ṣe ní 1971 tà kárí ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tó di 1979, ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Sítúdíò tó lè gba ohùn 24 sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ rò ó wò: aláàpàlà tí kò lọ sí yunifásítì, ní ìlú tí kì í ṣe Èkó, ló ṣe irú nǹkan báyìí. Ó kú ní 1983. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ti dákẹ́ tipẹ́. Ìjọba kan lọ, ìjọba kan dé, kò sí èyí tó kà á sí ohun tí ìlú gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ mìíràn ni, ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á máa tò síwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lójoojúmọ́.

Nítorí náà, àwọn ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí.

Èkíní, kí Ọlọ́lá gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn pe ẹbí Haruna Ìṣọ̀lá jókòó, kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tọrọ, nítorí ogún bàbá wọn ni. Ọmọ rẹ̀ Musiliu, ẹni tó kọ Ṣóyòyò, olórin ni òun náà, ó mọ iyì ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá jọ fẹnu kò, kí Phonodisk di Ilé Orin Yorùbá, kí ìpínlẹ̀ yòókù sì dá owó sí i. Kí sítúdíò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí ọ̀dọ́ olórin tó bá wá wo ẹ̀rọ àtijọ́ lè gba orin tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó padà sílé.

Èkejì ni ti olùkọ́, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù. Ẹ má kọ́ ilé aláràbarà kí ẹ wá fi ẹ̀ṣọ́ àti ẹni tó ń gba owó ìwọlé nìkan sínú rẹ̀. Ẹ lọ sí Ẹrìn-Ọ̀ṣun, ẹ lọ sí Ọ̀yọ́, ẹ lọ sí agboolé àwọn àyàn níbi gbogbo. Ẹ gba àgbà onílù síṣẹ́ bí olùkọ́, kí ẹ máa san owó oṣù fún wọn, kí owó ìfẹ̀yìntì wọn sì wà nínú ìwé. Ẹ má béèrè ìwé ẹ̀rí yunifásítì lọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin tó bá ti ń lu ìyáàlù láti ìgbà tó wà lẹ́yìn bàbá rẹ̀ lóde àríyá, tó lè fi í ki oríkì ogún ìdílé láìṣì í sọ, irú ìdánwò wo la tún fẹ́ ṣe fún un? Ẹ wá ẹni tó ń mọ sákárà náà, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń po amọ̀ òrùka rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sun ún, bí wọ́n ṣe ń na awọ ewúrẹ́ bò ó, tí wọ́n á sì máa gbá èèkàn rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ohùn á fi dọ́gba. Ẹ wá ẹni tó ń ta gòjé, kò pọ̀ mọ́. Ẹ wá ẹni tó ń fi àtàǹpàkò ta agídìgbo. Fatai Rolling Dollar ló ń fi ohùn agídìgbo yẹn rán wa létí ayé àtijọ́ títí tó fi kú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2013.

Ẹ̀kẹta, ẹ ra àwo àti téèpù kí wọ́n tó tà wọ́n sókè òkun. Ẹ kéde lórí rédíò ní gbogbo ìlú pé ẹni tó bá ní àwo àtijọ́ kó mú un wá, ìjọba á san owó rẹ̀, tàbí kó yá ìjọba fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba yín fúnra yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí téèpù kì í fara da ooru àti ọ̀rinrin.

Ẹ̀kẹrin, ẹ lọ bá àwọn àgbà tó ṣì wà láàyè. Olóyè Ebenezer Obey, tí wọ́n bí ní 1942, àti King Sunny Adé, tí wọ́n bí ní 1946, ṣì wà pẹ̀lú wa. Kì í ṣe àmì ẹ̀yẹ nìkan la fi ń bu ọlá fún irú wọn. Ẹ rán ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n bi ní ìbéèrè lọ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀: ta ló kọ́ wọn ní gìtá, báwo ni wọ́n ṣe ń to ìlù mẹ́ta mẹ́rin kí ọ̀kan má bo èkejì mọ́lẹ̀, kí ló yí padà nígbà tí gìtá oníná dé. Victor Ọláìyá kú ní oṣù kejì 2020. Akin Euba, ọ̀jọ̀gbọ́n orin, kú ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, Tony Allen sì tẹ̀ lé e láàárín oṣù náà. Ìbéèrè tí a ò bi wọ́n kò ní ìdáhùn mọ́.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ọmọ tó wà lókèèrè. Bí ìsinmi gígùn bá dé, ẹ jẹ́ kí àyè wà fún ọmọ Yorùbá láti Libreville, láti Cotonou, láti London, kó wá fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọ́ ìlù. Àwa òbí wọn la ó san owó ọkọ̀.

Mo mọ èsì tí ẹ lè fọ̀: owó kò tó, títì ń bàjẹ́, ilé ìwòsàn ń fẹ́ oògùn. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà ìpolongo ìbò kan tí owó kò tó láti fi pe olórin sórí pèpéle. Fújì ló ń kó èèyàn jọ fún yín kí ẹ tó dé pápá ìṣeré. Ìyáàlù ló ń pè yín ní ọmọ akin nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ìdìbò 2027 ń bọ̀, ẹ ó tún ránṣẹ́ pè wọ́n. Àwọn olórin àti àwọn onílù náà ti ń béèrè láàárín ara wọn pé kí ni ìjọba fi ń san oore. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá ara wọn lóhùn kí ẹ̀yin tó dá wọn lóhùn.

Mo tún fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kìlọ̀ fún yín. Bí nǹkan bá ń lọ báyìí, ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí nípa orin bàbá ńlá rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ tò sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba òyìnbó láti gba físà. Òwò àwo àtijọ́ kò dúró, òjò kò dúró, ikán náà kò dúró. Bí wọ́n bá béèrè lọ́jọ́ iwájú pé ìgbà ta ni gbogbo rẹ̀ parẹ́, orúkọ yín ni wọn yóò dá, kì í ṣe orúkọ oníṣòwò tó wá kó àpótí ní Mushin.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́ ilé olówó gọbọi kí ọdún yìí tó parí. Ẹ kọ́kọ́ pe ìpàdé kan, ẹ̀yin méjèèje. Ẹ pe àwọn àyàn sí i, ẹ pe àwọn olórin, ẹ pe àwọn olùkọ́ orin ní yunifásítì, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ìlú ohun tí ẹ pinnu àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ yín, bí àpótí àwo bá wà nínú ilé bàbá yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì tà á.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Yorùbá kan ní Louis,
Libreville, Gabon.